Mo Ní Ká Gbàdúrà Sí I

Mo purọ́ fún pásítọ̀ wa, àdúrà ni mo sì fi bo irọ́ náà. Ẹ̀yin ará ojú ìwé yìí, mo máa ń ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn níbí, n ó mi orí, n ó ní ọmọ aráyé ò gbọ́n... ó wá kàn mí wàyí. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi, àwọn ará ìjọ wa wà níbí, ìyàwó mi gan-an wà níbí. Sunday tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n máa kéde ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, ọkàn mi ò sì balẹ̀, mo jókòó mo dìde, mo wọ yàrá mo tún jáde, oúnjẹ tí mo fi ń ṣínu ààwẹ̀ ò dùn lẹ́nu mi. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ìgàndo ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé, àwọn ọmọ wa ti dàgbà, kálukú ti lọ sílé ara ẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni mí, olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama ìjọba, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Pálọ̀ wa ni house fellowship àdúgbò ti ń ṣe ìpàdé ní ìrọ̀lẹ́ Tuesday, èmi ni leader wọn. Tí ẹ bá béèrè irú leader tí mo jẹ́, wọ́n á ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run tòótọ́ ni bàbá yẹn. Kí ni mi ò kì í ṣe? Èmi ni mò ń gbálẹ̀, èmi ni mò ń kó àga oníke láti ìsàlẹ̀ wá sókè, èmi ni mò ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí wọ́n tó dé, èmi ni mò ń ra pure water, èmi ni mò ń dá orin, èmi ni mò ń gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, èmi ni mò ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n bá sì lọ tán èmi náà ni n ó kó àga padà sísàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, n ó ní rárá o, ẹni tó bá jẹ́ olórí ni kó ṣe ìránṣẹ́. Tí mo bá sì ń kọ́ wọn nípa bí Jésù ṣe di aṣọ mọ́dìí tó wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀, n ó máa yọjú wo ìgbálẹ̀ tí mo fi ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kí àwọn náà lè bá mi wò ó. Bí mo ṣe wà nìyẹn, mi ò ní parọ́ fún yín.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń dùn mí nípa wọn, wọn kì í sọ̀rọ̀. N ó béèrè ìbéèrè, wọ́n á máa wojú mi. N ó ní ta ló ní ẹ̀rí, wọ́n á tún máa wojú mi, títí n ó fi jẹ́rìí tèmi. Mo máa ń sọ fún ìyàwó mi pé ṣe ni Ọlọ́run kó àwọn ọ̀lẹ ẹ̀mí jọ sọ́dọ̀ mi kí n lè kọ́ sùúrù. Ìyàwó mi á kàn máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀, mo to àga oníke lé ara wọn, mo gbé wọn mọ́ àyà, wọ́n ga débi pé wọ́n bo ojú mi. Àwọn ọkùnrin méjì dúró lórí àtẹ̀gùn, wọ́n nawọ́, wọ́n ní kí n gbé díẹ̀ wá. Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, iṣẹ́ Olúwa ni. Ibi tí mo ti sọ ọ́ náà ni mo ti tẹ ibi tó ń yọ̀... èmi àti àga la jọ dé ìsàlẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ mi dá. Wọ́n di POP mọ́ ọn ní ọsibítù, dókítà ní mi ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀. Pásítọ̀ wá kí mi, wọ́n ní kí ìpàdé má bàa dúró, kí Sister Yéwándé bá mi dì í mú títí ara mi á fi yá.

Orúkọ ẹ̀ kọ́ nìyẹn o, mo yí i padà ni. Òun àti àkọ́bí mi lè jẹ́ ẹgbẹ́. Ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ní ọmọ ọwọ́ tó ṣì ń mu ọmú, tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkòtún ní ìrọ̀lẹ́ Tuesday, á lọ gbé ọmọ ẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ ẹ̀, á pọ̀n ọ́n, á máa bọ̀ nílé wa láìtíì dé ilé tiẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó fi wà lábẹ́ mi, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo gbé fún un ni pé kó máa kí àwọn àlejò káàbọ̀. Nígbà tí pásítọ̀ dárúkọ ẹ̀, mo ní kò burú. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ní wọ́n á ṣàárò mi.

Yàrá wa ṣí sí pálọ̀, kọ́tìnì nìkan ló wà láàárín. Mo gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí, mo tẹ́tí. Ní Tuesday àkọ́kọ́, mo gbọ́ tó sọ fún wọn pé òun ò mọ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀, pé ta ló lè bá òun dá orin. Gbogbo ilé dákẹ́. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ lórí ibùsùn. Mo ní ọmọ yìí ò mọ̀ pé wọn kì í dáhùn, n ó gbọ́ bó ṣe máa tiraka... àmọ́ kò tiraka rárá, ó kàn dúró dè wọ́n ni. Ó dúró pẹ́ débi pé èmi tí mo wà ní yàrá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn dá a. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ ohùn kan tí mi ò gbọ́ rí. Màmá kan ni, ará Oǹdó, tí wọ́n ń gbé ní fúláàtì ìsàlẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń wá, àmín nìkan ni mo mọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n gbé orin kan tí wọ́n ń kọ ní ìlú wọn nígbà èwe, gbogbo ilé gbè é, ìyàwó mi náà gbè é. Mo yíjú sí ògiri lórí ibùsùn, inú dídùn kọ́ ló sì fà á.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan tó máa ń tún fíríìjì ṣe sọ fún wọn pé ìyàwó òun ti kó jáde nílé, ó ti lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí ẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀, kì í ṣe àná, kì í ṣe ìjẹta. Ó ní òun ń wá síbí ní gbogbo Tuesday pẹ̀lú ẹrù yẹn láyà, òun ò kàn mọ ibi tí òun ti lè sọ ọ́ ni. Wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n tún ní kó máà dá lọ sí Ayọ̀bọ̀, àwọn kan á bá a lọ. Wọ́n sì lọ o. Èmi leader ẹ̀ wà lórí ibùsùn, mò ń ronú... àga tí ọkùnrin yìí ń jókòó lé, èmi ni mò ń gbé e fún un, ilẹ̀ tó ń tẹ̀, èmi ni mò ń gbá a, mi ò sì mọ̀ pé ìyàwó ẹ̀ ò sí nílé mọ́. Irú ìránṣẹ́ wo nìyẹn?

Ẹ sì wò ó, Sister Yéwándé ò gbálẹ̀ o. Àwọn fúnra wọn ló ń dé ṣáájú àkókò, wọ́n á máa du ìgbálẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Pálọ̀ wa kún débi pé wọ́n yá bẹ́ǹṣì. Ìyàwó mi, tí mo fẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, sọ̀rọ̀ nípa bí àna Mósè ṣe kìlọ̀ fún un pé iṣẹ́ tó ń dá ṣe yẹn máa pa Mósè àti àwọn èèyàn náà. Ó sọ ọ́ ó dùn, wọ́n ń ké halelúyà. Mi ò mọ̀ pé ìyàwó mi ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú. Ó yẹ kí inú mi dùn, àbí? Inú mi ò dùn. Ìlara ni, ẹ jẹ́ n pè é ní orúkọ ẹ̀. Ó ń jẹ mí bí ẹni tí wọ́n ń jẹ ogún ẹ̀ lójú ẹ̀.

Wọ́n tú POP, dókítà ní kí n máa rìn. Mò ń rìn dáadáa lọ́sàn-án, mo tiẹ̀ ń rìn dé bọ́sítọ́ọ̀pù, àmọ́ tó bá ti di Tuesday, n ó padà sórí ibùsùn, n ó ní ẹsẹ̀ ń ro mí. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ mọ ohun tí mò ń dúró dè? Mò ń dúró kí ọmọ yẹn ṣàṣìṣe. Mo fẹ́ kí wọ́n jà, kó kọ́ wọn ní ohun tí kò tọ̀nà, kí pásítọ̀ ní kí n tètè bọ̀. Kò ṣẹlẹ̀. Nígbà tó yá, ìyàwó mi gbé omi wá fún mi, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi, ó sì jáde. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo dìde.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Sister Yéwándé níwájú gbogbo èèyàn, mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n pa á gan-an, ó tún dùn mí. Lẹ́yìn náà mo gba ìgbálẹ̀. Mo ní ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n ṣe é. Mo dá orin, mo gbàdúrà, mo kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Kò pẹ́ tí ilé fi dákẹ́ padà. Màmá Oǹdó padà sí àmín wọn, ọ̀gbẹ́ni oní-fíríìjì ń wo ilẹ̀. Wọ́n dá bẹ́ǹṣì padà fún ẹni tó ni ín, torí èrò ò kún tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ibi tí irọ́ náà ti wá rèé. Pásítọ̀ wá sílé mi lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àwọn tó ń wá láti Ìṣẹ̀rí-Olófin pọ̀, kí wọ́n ní fellowship tiwọn lọ́hùn-ún. Wọ́n ní wọ́n ti gbọ́ ìròyìn Sister Yéwándé, Ìṣẹ̀rí-Olófin náà ló sì ń gbé, pé èmi tí mo mọ̀ ọ́n, kí ni mo rí sí i? Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ nìyẹn. Kò gùn. Mo fọwọ́ lẹ́rán, mo mí kanlẹ̀, mo ní ọmọ dáadáa ni o, ó kàn kù díẹ̀ kó dàgbà nínú ẹ̀mí... ẹ jẹ́ ká gbàdúrà sí i, sà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ mọ gbólóhùn yẹn. “Rárá” tiwa nìyẹn, òun la fi máa ń dá èèyàn padà láìsọ ọ̀rọ̀ burúkú kankan sí i. Tọ́mọ wa bá mú ẹni tí a ò fẹ́ wálé, a ó ní ká gbàdúrà sí i. Tí wọ́n bá ní ká yọ̀ǹda ọkọ̀ wa fún iṣẹ́ ìjọ, a ó ní ká gbàdúrà sí i. Ta ló máa bá ẹni tó ní ká gbàdúrà jiyàn? Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa kú sí. Àmọ́ pásítọ̀ wa kì í ṣe ẹni tó ń wá ìtumọ̀ mìíràn lábẹ́ ọ̀rọ̀, ohun tí o bá sọ ni wọ́n á mú. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, omi lé sí wọn lójú, wọ́n ní díẹ̀ ló kù kí àwọn sáré ṣáájú Ọlọ́run, pé ìdí tí àwọn fi nílò àgbà bí èmi nìyẹn. Wọ́n bá kéde ààwẹ̀ fún gbogbo fellowship títí di Sunday tó ń bọ̀ yìí, kí Ọlọ́run fi olórí Ìṣẹ̀rí-Olófin hàn wá. Wọ́n ní èmi ni kí n máa darí àdúrà náà, ohun tí Olúwa bá sì sọ fún mi, òun ni wọ́n máa kéde.

Ṣé ẹ rí ọ̀fìn tí mo gbẹ́? Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mò ń dúró níwájú àwọn èèyàn tí ebi ń pa, mò ń ké Olúwa fi hàn wá, Olúwa fi hàn wá... ohun tí Olúwa ti fi hàn mí láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Mò ń kọ́ wọn pé ọgbọ́n ni Sólómọ́nì tọrọ nígbà tó di ọba. Èmi ní ọgbọ́n náà lọ́wọ́, mi ò kàn fẹ́ lò ó ni. Sister Yéwándé náà ń gbààwẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọmú. Ìyàwó mi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹun, ó ní òun á máa mu omi, pé ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn àdúgbò òun ni, òun ò lè jókòó máa jẹun. Kò mọ̀ pé wọ́n dárúkọ òun rárá.

Ó wá bá mi nílé ní Friday tó kọjá. Ó kúnlẹ̀, mo ní kó dìde, kò dìde. Ó ní láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ọkàn òun ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Ìṣẹ̀rí-Olófin, bíi pé kí òun sìn wọ́n, àmọ́ ẹ̀rù ń ba òun kó má jẹ́ pé ìgbéraga ni. Ó ní bàbá ni mo jẹ́ fún òun nínú Olúwa, pé tí mo bá rí ibi tó kù sí lára òun, kí n má fi bò, kí n sọ ọ́ kí òun lè tún un ṣe.

Ẹ gbọ́, ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ gbayawu fún mi yẹn. Mo lè sọ òtítọ́ nígbà yẹn kí gbogbo ẹ̀ parí. Mi ò mọ ohun tó gba ẹnu mi. Mo ní ọmọ mi, o ti ń yára sọ̀rọ̀ jù, olórí gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ju bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ọmọ tó jẹ́ pé dídúró tó dúró, tó gbọ́, ló la ẹnu àwọn èèyàn wọ̀nyẹn. Àbùkù ara mi ni mo bọ́, mo gbé e wọ̀ ọ́. Ó sunkún. Ó ní, “Ẹ ṣé, Dádì, kò sẹ́ni tó fẹ́ràn mi tó láti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.” Ó gbé ọmọ ẹ̀ pọ̀n, ó lọ. Ìyàwó mi jáde láti kíṣìnnì, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́, ó béèrè ìbéèrè kan: “Ta lẹ ń bá wí níbẹ̀ yẹn?”

Tuesday àná yìí ló wá pa mí. Ẹ̀yìn pátápátá ni Sister Yéwándé lọ jókòó sí, kò kí àlejò, kò sọ nǹkan kan. Màmá Oǹdó ní ara àwọn ò yá láti ọjọ́ mélòó kan, wọ́n yíjú sí i, wọ́n ní kó bá àwọn gbàdúrà. Ó lanu. Ó pa á dé. Ó wá wojú mi... ó ń dúró kí n fún òun láyè. Màmá náà wojú mi. Gbogbo ilé wojú mi. Ẹ ò mọ bí ojú yẹn ṣe rí, ẹni tí ẹ̀rù ara ẹ̀ ti ń bà. Ó yẹ kí n sọ pé, “Gbàdúrà, ọmọ mi.” Mo dìde, mo gba àdúrà náà fúnra mi, ó gùn, ó kún fún ọ̀rọ̀ ńlá. Ó ṣe àmín sí i tọkàntọkàn.

Ẹ̀yin ará, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ fún pásítọ̀ nìkan pé Sister Yéwándé ni, wọ́n á kéde ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló máa kúnlẹ̀ pé òun ò yẹ, torí Dádì ti sọ fún òun. Tí mo bá sọ fún òun pé irọ́ ni mo pa, ṣé á tún gba àgbàlagbà kankan gbọ́ láyé ẹ̀? Àbí kí n sọ ọ́ níwájú gbogbo ìjọ? Mo ti rò ó o. Mo ti rí ara mi lórí pẹpẹ, tí omi ń bọ́ lójú mi, tí wọ́n ń sọ pé ẹ wo bàbá onírẹ̀lẹ̀ yìí, mélòó nínú àwọn aṣáájú ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ṣé èèyàn ò lè tọrọ àforíjì kí wọ́n má tún yà á sí ẹni ńlá ni? Báwo lẹ ṣe ń kúrò lójú ọ̀nà èèyàn láìpariwo?

Ẹ má kàn sọ pé ẹ máa fi mí sínú àdúrà, mo bẹ̀ yín. Pásítọ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, wọ́n béèrè ohun tí Olúwa wí. Mo ti kọ èsì, mo ti pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́. Sister Yéwándé ṣì ń gbààwẹ̀ lọ́wọ́ báyìí. Kí ni kí n kọ?